Kí Ọjọ́bọ̀ Tó Dé

Akọ̀wé wo fọ́tò, ó wo màámi,
ó tún wo fọ́tò.
"Ìyá, ẹni inú ìwé yìí hewú.
Ẹ̀yin dúdú bí ìdí ìkòkò.
Ẹ lọ bá wa mú ẹni inú ìwé wá lọ́jọ́bọ̀,
ká lè sanwó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ fún un."

Ìdí tá a fi wà lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ Ajé rèé,
ní Òkè Àdó, l'Ógbómọ̀ṣọ́:
èmi, màámi, àpótí ìjókòó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àbọ̀,
bàsíà kan, kẹ́tùrù omi tó ń hó,
àti ọyẹ́ tó ń ku erùpẹ̀ sí wa lójú.

Súlìyá onídìrí, tó fi dáì náà sí i,
ránṣẹ́ pé òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́.
Wíwọlé nìkan lọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ,
kò kọ́ ọ ní jíjáde.

Ọṣẹ dúdú ni mo kọ́kọ́ mú.
Màámi ní, "Dúdú lo fẹ́ fi lé dúdú?"
Mo ní, ẹ di ojú yín.
Ọṣẹ hó, ó hó funfun,
omi ń ṣàn lọ sídìí igi máńgòrò bí omi ẹ̀lú,
ṣùgbọ́n orí dúdú síbẹ̀,
ó ń wò wá bí onígbèsè tó jókòó sí ààfin.

Mo wá lọ fitamí-sì, ogún hóró,
nínú odó tá a fi ń gún ata,
mo fi ọṣẹ olómi pò ó, mo fi kun irun,
mo fi ọ̀rá búrẹ́dì wé e.
"Adùn Bí Oyin" hàn pupa níwájú orí tíṣà àná.
A jókòó. A ń dúró.
Wákàtí kan a máa gùn fún ẹni tó gbé búrẹ́dì sórí.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́, láìjẹ́ pé mo bi wọ́n:
"Mo ń lé tìróò lọ́jọ́ yẹn,
mo bojú wo dígí, màmá mi ló ń wò mí.
Kì í ṣe bí wọ́n ṣe rí nígbà tí ara ṣì le o,
bí wọ́n ṣe rí lọ́sẹ̀ tí wọ́n kú gan-an.
Mo kí wọn.
Kíkí tí mo kí wọn yẹn ló bà mí lẹ́rù.
Ọjọ́ kejì ni mo lọ bá Súlìyá."

N ò rí èsì fọ̀. Mo ṣe bí ẹni ń tọ́ omi wò.
Ewú logbó, àgbà ti wí bẹ́ẹ̀,
àgbà ò sọ fún wa pé ogbó ní ojú,
pé ojú ọ̀hún lè jẹ́ ti ẹni tá a sin sí ìyẹ̀wù.

Nígbà tí mo ṣan án, dúdú ti rẹ̀wẹ̀sì.
Kò di funfun o.
Ó di àwọ̀ páànù tó dípẹtà,
ó pupa létí bíi káṣù tó bọ́ tẹ́nì kan ò ṣà,
ní àtàrí, eérú.
Màámi gba dígí, wọ́n wò ó títí.
"Yéè! Mo ti di ajá Bàbá Lámídì!"
Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi da omi sí wọn lọ́rùn.

Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta sí i kí alẹ́ Ọjọ́rú tó lẹ́:
ọsàn wẹ́wẹ́, àdí àgbọn, ọwọ́ mi.
Díẹ̀díẹ̀ lẹni inú ìwé ń bọ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ Ìbàdàn ń fọn fèrè níta,
màámi dúró níwájú dígí, wọn ò lé tìróò.
"Ẹ káàárọ̀ mà," ni wọ́n wí,
wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀, ibi tí orúnkún gbà wọ́n dé.
Wọ́n mú báàgì. Wọ́n jáde.

Ó ku èmi àti táwẹ̀lì tí kò ní mọ́ mọ́.
Dúdú náà ti wọ èékánná mi, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.
Mo nà wọ́n sí oòrùn.
N ò tíì mọ ohun tí n ó fi yọ ọ́.